Antisense, siRNA àbí morpholino? Ìfiwéra fẹ́ni tó fẹ́ yan kẹ́mísìrì fún oògùn tó ń lé jíìnì bá

Ìbéèrè tó wọ́pọ̀ jù lórí oògùn tó ń lé RNA bá (RNA ni ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń lò) ni pé nínú LNA, MOE, morpholino àti siRNA, àwọn oríṣi kẹ́mísìrì tí màá ṣàlàyé níwájú, èwo ló dáa jù? Ìbéèrè yẹn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni o. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé ẹ̀yà ara wo ni mo fẹ́ kí nǹkan yìí dé, lẹ́yìn ẹ̀, kí ni mo fẹ́ kó ṣe fún RNA tó bá débẹ̀, ṣé kó pa á run ni àbí kó kàn darí ẹ̀ gba ibòmíì. Ìgbà téèyàn bá ti dáhùn méjèèjì yẹn lọ̀rọ̀ kan orúkọ kẹ́mísìrì, lọ́pọ̀ ìgbà sì rèé, nígbà yẹn, ó lè máà ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ tó máa ṣẹ́ kù nílẹ̀ téèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa yàn láàárín wọn.

Kí ló dé tá ò kàn lo DNA lásán?

Ní 1978, Paul Zamecnik àti Mary Stephenson ní Harvard ṣe ègé DNA kékeré kan, lẹ́tà (ìyẹn àwọn ẹyọ tí wọ́n fi so DNA àti RNA) 13 péré, tó lè lẹ̀ mọ́ RNA fáírọ́ọ̀sì Rous sarcoma, bí wọ́n ṣe fi sínú sẹ́ẹ̀lì adìyẹ ni fáírọ́ọ̀sì náà ò rí ara ẹ̀ bí mọ́ bó ṣe ń bí i tẹ́lẹ̀. Antisense ni wọ́n ń pe irú ègé bẹ́ẹ̀, èrò ẹ̀ ò sì le rárá: lẹ́tà ń bá lẹ́tà mu, ẹ mọ lẹ́tà inú RNA tó ń fa wàhálà, ẹ kọ èyí tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gún DNA lásán sí èèyàn lára, kó tó rìn jìnnà àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀ á ti jẹ ẹ́, ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó, èyí tí wọn ò bá sì jẹ, kíndìnrín á sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀. Tó bá wá jẹ́ RNA olókùn méjì, ètò ààbò ara tún lè rò pé fáírọ́ọ̀sì ló wọlé kó wá gbé ogun dìde. Ìdí nìyẹn tí gbogbo kẹ́mísìrì tá a fẹ́ fi wéra yìí fi wà, kò sí èyí tí wọ́n ṣe nítorí ẹwà.

Imí-ọjọ́ ni ìpìlẹ̀

Àtúnṣe tó dàgbà jù, tó sì ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn antisense títí dòní, ni phosphorothioate, PS ni wọ́n sábà máa ń pè é. Okùn tó so lẹ́tà kan mọ́ èkejì ní fọ́sífétì, wọ́n á yọ ọ́síjìn kan kúrò lára fọ́sífétì yẹn, wọ́n á fi imí-ọjọ́ dí àyè ẹ̀, ó parí. Àyípadà kékeré yẹn ṣe nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńsáìmù ò rọrùn fún láti gé e mọ́, oògùn náà á sì máa lẹ̀ mọ́ puròtéènì inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ò wá ní tètè rí i sẹ́ dànù, á ráyè wọ inú ẹ̀dọ̀, kíndìnrín fúnra ẹ̀, ọ̀rá inú eegun, àwọn ibẹ̀ yẹn.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà tó jẹ́ àǹfààní ẹ̀ ló jẹ́ àléébù ẹ̀ o, torí nǹkan tó bá ń lẹ̀ mọ́ puròtéènì kì í mọ èyí tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ àti èyí tí kò yẹ. PS tún máa ń dín agbára ìlẹ̀mọ́ RNA kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibi kọ̀ọ̀kan tí imí-ọjọ́ bá wà lè kọjú sọ́tùn-ún tàbí sósì, oògùn tó bá ní lẹ́tà 20 sì ní oríkèé 19 láàárín wọn, ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀, ó jẹ́ oríṣi 524,288 tó dà pọ̀ sínú ìgò kan ṣoṣo. Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́ láti máa ṣe oríṣi kan péré nínú wọn, àmọ́ àwọn oògùn tí mo fẹ́ dárúkọ ní ìsàlẹ̀ yìí, àdàpọ̀ ni wọ́n.

PS lásán ni fomivirsen, oògùn antisense àkọ́kọ́ tí FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 1998, inú ẹyin ojú ni wọ́n ń gún un sí nígbà yẹn fáwọn tí fáírọ́ọ̀sì CMV ń ba ojú wọn jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń yan kẹ́mísìrì lónìí, ẹ má fi PS nìkan dá ṣe. Ó nílò alábàárìn, inú ṣúgà ni alábàárìn yẹn sì wà.

Ṣúgà: ibi tí ìyàtọ̀ gidi wà

Gbogbo lẹ́tà RNA ní ṣúgà kan, ibì kan lára ṣúgà yẹn tí wọ́n ń pè ní ipò 2′ ni wọ́n ti ń ṣe àtúnṣe jù. Orúkọ mẹ́rin lẹ máa rí jù: 2′-O-methyl, 2′-fluoro, MOE àti LNA, pẹ̀lú ọmọ ìyá LNA kan tó ń jẹ́ cEt.

O-methyl ni tálákà inú wọn, kò wọ́n, kódà ara èèyàn fúnra ẹ̀ ń ṣe é sórí RNA tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ètò ààbò ara máa fojú fò ó. Fluoro kéré gan-an, kì í gba àyè, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń lo siRNA fi ń gbà á láìjanpata. MOE sanra díẹ̀ jùyẹn lọ, ó ń dáàbò bo okùn náà dáadáa lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù, lẹ́tà MOE kọ̀ọ̀kan sì ń fi bíi dígírì 1 tàbí kó lé díẹ̀ kún ooru tí oògùn àti RNA fi máa tú ká. Èmi ò rí kẹ́mísìrì antisense míì tí àkọsílẹ̀ nípa bó ṣe ń ṣe nínú ara èèyàn pọ̀ tó tiẹ̀.

LNA ni baba nínú ìlẹ̀mọ́. Ẹgbẹ́ Imanishi ní Japan àti ẹgbẹ́ Wengel ní Denmark ló ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n fi afárá kékeré kan de ṣúgà náà mọ́lẹ̀ kó má lè mira, lẹ́tà LNA kan lè fi dígírì 2 sí 8 kún ìlẹ̀mọ́. Nítorí ẹ̀, oògùn LNA lè kúrú, lẹ́tà 16 tó nígbà tí MOE ń lo 20. Gbogbo èèyàn máa ń fẹ́ràn LNA tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí nọ́ńbà yìí, èmi náà mọ̀ pé nọ́ńbà náà dùn ún rí, àmọ́ ìlẹ̀mọ́ tó pọ̀ jù ń bá wàhálà rìn: okùn kúkúrú tó lágbára tó báyẹn lè lẹ̀ mọ́ RNA míì tó kàn jọ èyí tẹ́ ẹ ń wá, ọ̀pọ̀ gapmer LNA (irú antisense tó ń jẹ́ kí wọ́n gé RNA, màá ṣàlàyé ẹ̀ níwájú) ló sì ti ba ẹ̀dọ̀ ẹran jẹ́ nínú àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo wọn o, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ ló ń sọ èyí tó máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá yan LNA, ẹ jẹ́ kí owó àti àkókò wà nílẹ̀ láti dán ọ̀pọ̀ ìkọ̀wé wò kẹ́ ẹ tó rí èyí tí ẹ̀dọ̀ gbà. Fún iṣẹ́ inú abọ́ láàbù tí kò ní dé ara ẹnikẹ́ni, LNA dáa gan-an, mi ò ní bá a jà níbẹ̀.

Ṣé kó gé e ni, àbí kó darí ẹ̀?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí RNA náà parẹ́, antisense ń lo ẹ́ńsáìmù kan tí gbogbo wa ní nínú sẹ́ẹ̀lì, RNase H1, òun ló ń gé RNA tó bá lẹ̀ mọ́ DNA. Àmọ́ RNase H1 ò mọ MOE, kò mọ LNA, kò mọ O-methyl, DNA ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi MOE kún okùn náà láti orí dé ìdí, oògùn á lẹ̀ mọ́ RNA gbágbáágbá, kò sì ní sí ẹni tó máa gé e. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni gapmer: lẹ́tà DNA bíi 10 láàárín, kí MOE tàbí LNA wà ní ọwọ́ méjèèjì. MOE sábà máa ń jẹ́ 5, 10, 5. LNA àti cEt máa ń jẹ́ 3, 10, 3.

Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kí RNA kú, ẹ kàn fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gé e kó sì tún un lẹ̀ pọ̀ lọ́nà míì, ẹ sá fún gapmer. Ẹ fi àtúnṣe kún gbogbo ẹ̀, kí RNase H1 má lè fọwọ́ kàn án. Nusinersen nìyẹn, tí FDA fọwọ́ sí ní Oṣù Kejìlá 2016 fún àrùn SMA tó ń sọ iṣan àwọn ọmọdé di aláìlágbára: lẹ́tà 18, MOE látòkèdélẹ̀ pẹ̀lú PS. Àwọn tó ní SMA ò ní jíìnì SMN1 tó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n ní SMN2, èyí tó jọ ọ́ gan-an ṣùgbọ́n tó máa ń fo exon 7, ìyẹn apá kan nínú ìkọ̀wé ẹ̀, sílẹ̀. Nusinersen á lọ lẹ̀ mọ́ ìtòsí exon yẹn, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní fò ó mọ́. 12 mg ni wọ́n ń gún sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn, lẹ́yìn dóòsì mẹ́rin àkọ́kọ́ ó di oṣù mẹ́rin-mẹ́rin, torí pé ó lé ní oṣù mẹ́rin kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò nínú omi náà.

Morpholino, PMO, náà ń darí exon, àmọ́ ó yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n mú ṣúgà kúrò, wọ́n fi òrùka míì sí i, wọ́n sì sọ okùn náà di èyí tí kò ní iná mànàmáná kankan lára. Kò sí ẹ́ńsáìmù tó lè jẹ ẹ́, kì í sì í lẹ̀ mọ́ puròtéènì káàkiri bíi PS, nítorí náà ara sábà máa ń gbà á dáadáa. Àbùkù ẹ̀ nìyẹn náà: kò sóhun tó dì í mú, kíndìnrín á sẹ́ ẹ jáde. Eteplirsen, tí FDA fọwọ́ sí ní Oṣù Kẹsàn-án 2016 fún àwọn ọmọ tó ní Duchenne, àrùn tó ń ba iṣan jẹ́, tó yẹ kí wọ́n fo exon 51, wákàtí 3 sí 4 péré ni ìdajì ẹ̀ fi ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa fi dírípù fún wọn ní 30 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi 12 mg oṣù mẹ́rin-mẹ́rin wé ìyẹn, ọmọ tó wọn kílò 30 máa gba 900 mg lọ́sẹ̀ kan!

Síbẹ̀, dystrophin, puròtéènì iṣan tí àwọn tó ní Duchenne ò ní, tó padà wá nínú iṣan àwọn tí wọ́n fi eteplirsen dán wò ò tó 1% èyí tí ẹni tí ara ẹ̀ dá ní. Iṣan ló le wọ̀, kì í ṣe morpholino nìkan ló lẹ̀bi. Drisapersen tó fojú sun exon 51 kan náà lo O-methyl pẹ̀lú PS, FDA kọ̀ ọ́ ní Oṣù Kìíní 2016, àléébù rẹpẹtẹ ló sì tún bá a wá: awọ ibi tí wọ́n gún un sí ń bàjẹ́, kíndìnrín ń jo puròtéènì, platelet (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá) ń wálẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí n yan láàárín méjèèjì fún iṣan, morpholino ni màá mú, àmọ́ mi ò ní mú un lásán, màá fẹ́ kí wọ́n so nǹkan tó lè gbé e wọnú iṣan mọ́ ọn. Oríṣi bẹ́ẹ̀ ti wà lẹ́nu ìdánwò, àwọn kan ń so peptide (ègé puròtéènì kékeré) mọ́ ọn, àwọn míì ń so antibody tó ń di transferrin receptor, ẹnu kan lára sẹ́ẹ̀lì iṣan, mú.

siRNA àti gapmer lórí jíìnì kan náà

siRNA ní okùn méjì, nǹkan bíi lẹ́tà 21 lọ́kọ̀ọ̀kan. Andrew Fire àti Craig Mello ló fi hàn ní 1998 pé RNA olókùn méjì máa ń pa jíìnì lẹ́nu mọ́ nínú aràn, Nobel 2006 sì ni tiwọn. Tí siRNA bá wọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ju okùn kan nù, èkejì á jókòó sínú puròtéènì Argonaute 2, á máa gé mRNA (RNA tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti ṣe puròtéènì) kan lẹ́yìn òmíì, fún oṣù mélòó kan nígbà míì. Gapmer náà lè gé ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí gapmer ti ń borí ni inú kóró sẹ́ẹ̀lì: tí RNA tẹ́ ẹ ń lé bá jẹ́ èyí tí kì í jáde kúrò níbẹ̀, gapmer ni kẹ́ ẹ mú. Gapmer tún ní okùn kan ṣoṣo, PS ara ẹ̀ sì ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì gbé e mì láìsí ohun tó gbé e lọ. siRNA tóbi tó ìlọ́po méjì ẹ̀, kò lè dá wọlé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ohun tí kẹ́mísìrì lè ṣe gan-an, ẹ wo jíìnì TTR. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe puròtéènì ẹ̀, tó bá bàjẹ́ ó máa ń lọ dì sára iṣan ìmọ̀lára àti ọkàn. Oògùn márùn-ún lára àwọn tó ti dojú kọ jíìnì kan ṣoṣo yìí nìyí:

| Oògùn | Irú ẹ̀ | Bó ṣe ń dé ẹ̀dọ̀ | Dóòsì |
|---|---|---|---|
| patisiran, 2018 | siRNA, àtúnṣe díẹ̀ | bọ́ọ̀lù ọ̀rá, dírípù | 0.3 mg fún kílò kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta |
| inotersen, 2018 | gapmer MOE | lásán, abẹ́ awọ | 284 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ |
| revusiran, wọ́n dá a dúró ní 2016 | siRNA, àtúnṣe ìgbà àkọ́kọ́ | GalNAc, abẹ́ awọ | 500 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ |
| vutrisiran, 2022 | siRNA, àtúnṣe tó le jù | GalNAc, abẹ́ awọ | 25 mg, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta |
| eplontersen, 2023 | gapmer MOE | GalNAc, abẹ́ awọ | 45 mg lóṣooṣù |

GalNAc jẹ́ irú ṣúgà kan tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ní ẹnu tó ń gbé e mì lójú ẹsẹ̀, tẹ́ ẹ bá so mẹ́ta ẹ̀ mọ́ oògùn, ẹ̀dọ̀ á fà á wọlé. Ẹ wá wo inotersen àti eplontersen: lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi kọ wọ́n! GalNAc tí wọ́n so mọ́ èkejì, pẹ̀lú PS tí wọ́n dín kù díẹ̀, ló sọ 284 mg ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ di 45 mg oṣooṣù, ìyẹn lé ní ìlọ́po 25. Inotersen sì ní ìkìlọ̀ tó le nípa platelet tó lè wálẹ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ á máa dà àti nípa kíndìnrín, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò nígbà tí wọ́n ń lò ó.

Èyí tó tún ya èèyàn lẹ́nu jù ni revusiran àti vutrisiran. Àwọn méjèèjì ní GalNAc, siRNA sì làwọn méjèèjì. Àmọ́ àtúnṣe ara revusiran ò tó láti dáàbò bò ó, ẹ́ńsáìmù ń jẹ ẹ́, wọ́n sì ní láti máa da rẹpẹtẹ sínú ara. Wọ́n dá ìdánwò náà dúró ní Oṣù Kẹwàá 2016 torí pé àwọn tó kú lápá tó ń gba oògùn pọ̀ ju àwọn tó kú lápá kejì lọ. Fún vutrisiran, wọ́n fi PS díẹ̀ kún ìdí okùn, wọ́n tún ètò fluoro àti O-methyl tò, 25 mg lóṣù mẹ́ta ti tó. Ẹni tó bá sọ pé GalNAc ló ṣe gbogbo iṣẹ́, ẹ ní kó ṣàlàyé revusiran fún yín. (Ohun kan tún ni pé TTR ló ń gbé fítámì A kiri nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń lo èyíkéyìí nínú àwọn oògùn yìí gbọ́dọ̀ máa fi fítámì A gbé e lẹ́sẹ̀, kẹ́mísìrì ò yí ìyẹn padà.)

Inclisiran tó ń dín kọlẹ́sítírọ̀ọ̀lù kù gba ọ̀nà kan náà, 284 mg, lẹ́yìn dóòsì méjì àkọ́kọ́ ó di ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, ó sì ń gé kọlẹ́sítírọ̀ọ̀lù LDL sí bí ìdajì. Mipomersen, gapmer MOE tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2013 fún irú ìṣòro yẹn lọ́dọ̀ àwọn tó jogún ẹ̀ lọ́nà tó le jù, 200 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ó ní ìkìlọ̀ ẹ̀dọ̀, kò sì sí lọ́jà mọ́. Nítorí náà, fún ẹ̀dọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa RNA run, siRNA pẹ̀lú GalNAc ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, mi ò rí ìdí láti ṣe àgàbàgebè nípa ẹ̀.

Níta ẹ̀dọ̀

Fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, GalNAc ò wúlò, omi ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ máa gún un sí, MOE ló sì ṣì ń jọba níbẹ̀. Tofersen tí FDA fọwọ́ sí ní 2023 fún ALS, àrùn tó ń pa iṣan tó ń darí ara, èyí tó ń wá látọ̀dọ̀ jíìnì SOD1 jẹ́ gapmer MOE, 100 mg ní ọjọ́ 28-28 lẹ́yìn dóòsì mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n pò PS pọ̀ mọ́ fọ́sífétì lásán nínú ẹ̀, kì í ṣe PS látòkèdélẹ̀, torí PS tó pọ̀ jù lè mú iṣan ìmọ̀lára bínú. Ẹ má sì rò pé kẹ́mísìrì tó dáa ti parí iṣẹ́. Tominersen fún àrùn Huntington, àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń jogún, gapmer MOE ni òun náà, wọ́n dá dóòsì dúró ní Oṣù Kẹta 2021, àwọn tó ń gbà á lóṣù méjì-méjì sì ṣe burú ju àwọn tó gba omi lásán lọ.

PNA, tí Peter Nielsen àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní Copenhagen ní 1991, ń lẹ̀ mọ́ DNA àti RNA bíi gọ́ọ̀mù, ẹ́ńsáìmù ò mọ̀ ọ́n rárá, ṣùgbọ́n kì í tètè wọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ fi í sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò àti iṣẹ́ láàbù. N1-methylpseudouridine inú abẹ́rẹ́ àjẹsára mRNA, iṣẹ́ míì nìyẹn ń ṣe, kí sẹ́ẹ̀lì lè ṣe puròtéènì ló wà fún, kì í ṣe láti dá jíìnì dúró. Tó bá sì jẹ́ pé CRISPR, irinṣẹ́ tó ń gé DNA jíìnì fúnra ẹ̀, lẹ fẹ́ lò, O-methyl àti PS ní lẹ́tà mélòó kan ní ìdí méjèèjì RNA atọ́nà ti tó, irú ẹ̀ ló wà nínú ìtọ́jú fòníkú-fọ̀la-dìde tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023.

Kẹ́ ẹ tó rà á

Tẹ́ ẹ bá ti yan, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi wé e lábọ́ láàbù gbọ́dọ̀ ní kẹ́mísìrì kan náà. Mo ń rí i táwọn èèyàn ń fi gapmer LNA wé omi lásán tàbí DNA lásán, tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú wọ́n á ní jíìnì tí àwọn pa ló fà á, nígbà tó lè jẹ́ LNA fúnra ẹ̀ tàbí PS ló ń dà á láàmú. Ẹ kọ kọ́ńtúróòlù tó ní LNA iye kan náà, PS iye kan náà, kí lẹ́tà ẹ̀ nìkan yàtọ̀. Ẹ sì ṣe oògùn méjì ó kéré tán tó ń lé RNA kan náà bá níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ọ̀kan bá ń ṣe bó ṣe yẹ tí èkejì ò ṣe é, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì ni wọ́n dín RNA náà kù bákan náà, ohun tẹ́ ẹ rí yẹn ò wá látọ̀dọ̀ jíìnì yín nìyẹn, ẹ padà lọ wo àwọn RNA míì tó jọ ọ́.